Ta ló ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣírò owó orí ọ̀la?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá láti Berlin àti Hamburg, ẹ gbọ́ ná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé owó oṣù yín jáde. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Lohnsteuer sí. Iye tó wà níbẹ̀ ni ìjọba ti yọ kí owó tó dé ọwọ́ yín. Lédè tiwa, a lè pè é ní owó orí lórí owó iṣẹ́. Ẹ mọ iye tí wọ́n yọ lóṣù tó kọjá, ìjọba náà sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí kì í jẹ́ kí ìjọba sùn ni èyí: èló ni gbogbo yín máa san lọ́dún tó ń bọ̀? Èló ni ẹ máa san lọ́dún mẹ́rin sí i?

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dájú. Síbẹ̀, dandan ni kí ẹnì kan dárúkọ iye kan, torí pé orí iye yẹn ni wọ́n máa gbé ètò ìṣúná kà. Ẹ wo ilé ìtọ́jú ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Kita. Ní Berlin, láti oṣù kẹjọ ọdún 2018 ni àwọn òbí kò ti sanwó rẹ̀ mọ́, àyàfi owó oúnjẹ. Ní Hamburg, wákàtí márùn-ún lójúmọ́ ti di ọ̀fẹ́ láti ọdún 2014. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ń gba owó lọ́dọọdún, ọrọ̀ ajé ìbáà dáa, kó má dáa. Bí ẹni tó ń ṣírò bá sọ iye tó pọ̀ jù, ìjọba á ti ná owó tí kò wọlé. Bó bá sọ iye tó kéré jù, wọ́n á ti ti ilé ìkàwé kan pa lásán.

Wàhálà ibẹ̀ wá ni pé mínísítà ètò ìnáwó ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣírò yìí. Mínísítà ní ohun tó fẹ́. Tí ìbò bá ń bọ̀, ó lè fẹ́ kí owó pọ̀ lórí ìwé. Tí àwọn mínísítà yòókù bá ń tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè fẹ́ kó kéré. Báwo ni wọ́n ṣe ń bójú tó iṣẹ́ irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ìṣirò wọn ò fi ní tẹ̀ síbi tí ọ̀gá ń wò?

Yàrá tí wọn kì í ti í dìbò

Ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó Jámánì wà ní Wilhelmstraße, láàárín gbùngbùn Berlin, nínú ilé ràgàjì kan tí wọ́n kọ́ ní 1935 sí 1936 fún ilé iṣẹ́ òfuurufú ìjọba Hitler. Detlev-Rohwedder-Haus ni wọ́n ń pè é lónìí. Aṣojú ilé iṣẹ́ yìí ló ń ṣe alága ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Arbeitskreis Steuerschätzungen. Orúkọ yẹn gùn, àbí? Ẹ jẹ́ ká tú u. Arbeitskreis ni àwọn tó jókòó yíká tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Steuer ni owó orí. Schätzung ni ìfojúdíwọ̀n, ohun téèyàn ń ṣe nígbà tó bá wo àpò ìrẹsì tó sọ pé "èyí á tó àádọ́ta kílò" kó tó gbé e sórí ìwọ̀n. Láti ọdún 1955 ni ẹgbẹ́ náà ti wà.

Ẹ wo àwọn tó ń jókòó níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó àti ilé iṣẹ́ ètò ọrọ̀ ajé wà níbẹ̀. Ilé ìwádìí ọrọ̀ ajé márùn-ún wà níbẹ̀: DIW láti Berlin, ifo láti Munich, àwọn yòókù láti Kiel, Halle àti Essen. Bundesbank, ìyẹn báńkì àpapọ̀, wà níbẹ̀. Àjọ tó ń ka iye ohun gbogbo fún ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ọrọ̀ ajé. Ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ń rán èèyàn wá, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ní aṣojú tiwọn.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń pàdé: lẹ́ẹ̀kan ní oṣù karùn-ún, lẹ́ẹ̀kan ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìpàdé máa ń gbà, wọ́n sì máa ń gbé e kiri láti ìlú kan sí òmíràn. Kí wọ́n tó pàdé, ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó, Bundesbank àti àwọn ilé ìwádìí yóò ti ṣe ìṣirò tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn kì í da ọ̀pẹ̀lẹ̀ o! Oníkálukú ló ń bọ̀ pẹ̀lú àwòṣe ìṣirò tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n bá jókòó, wọ́n á mú owó orí kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan: tí owó iṣẹ́, tí ọjà, tí èrè ilé iṣẹ́, títí dé orí tábà àti bíà. Wọ́n á máa fà á síwá sẹ́yìn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ohùn wọn á fi ṣọ̀kan.

Ibí yìí ni mo rí i pé ọgbọ́n wà. Wọn kì í dìbò. Ká ní ìbò ni, mínísítà á wá bí yóò ṣe rí ìdajì yàrá kó mọ́ra. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé ìfẹnukò ni wọ́n ń wá, alága kò lè fi agbára ti iye kan kọjá. Tó bá fẹ́ kí iye ga, àfi kó ṣàlàyé rẹ̀ lójú ọkùnrin tàbí obìnrin Bundesbank kan tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan, tó sì ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ láti ilé wá. Àwọn ìpínlẹ̀ pàápàá kì í gbà kí wọ́n fi àsọdùn tàn wọ́n, torí pé àwọn náà máa gbé ètò ìṣúná wọn ka iye yẹn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Thiess Büttner àti Björn Kauder, ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2010, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀nà tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ mélòó kan ń gbà ṣírò owó orí wéra. Wọ́n rí i pé níbi tí àwọn tó ń ṣírò bá ti jìnnà sọ́wọ́ ìjọba, ìṣirò a máa péye sí i. Kò yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó dáa kéèyàn rí i nínú àkọsílẹ̀.

Ẹ má rò pé ohun gbogbo ló mọ́ kedere níbẹ̀ o. Kí ẹgbẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló máa ń fún wọn ní àsọtẹ́lẹ̀ ọrọ̀ ajé: bí owó iṣẹ́ yóò ṣe gòkè, bí àwọn èèyàn yóò ṣe rajà, bí iye owó ọjà yóò ṣe rí. Orí èyí ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dúró lé, kódà ilé ìwádìí tó ní àsọtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ tó yàtọ̀. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò lè fọwọ́ kan ọbẹ̀ lè fọwọ́ kan omi tí wọ́n fẹ́ fi sè é. Torí ẹ̀ ni òfin kan ṣe jáde ní 2017, tó sọ pé àwọn tí kò sí lábẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ yẹ àsọtẹ́lẹ̀ ọrọ̀ ajé náà wò. Àwọn ilé ìwádìí tó jọ ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún.

Dín kù sí èwo?

Tí ẹ bá ń gbé ní Jámánì, ẹ ti rí irú àkọlé ìròyìn yìí: "Bílíọ̀nù báyìí báyìí ti sọnù nínú owó orí." Ẹ má tíì bẹ̀rù. Ẹ kọ́kọ́ béèrè: ó dín kù sí èwo? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àsọtẹ́lẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n fi ń wé e. Wọn ò sọ pé owó ọdún yìí kò tó ti èṣí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ẹgbẹ́ náà sọ pé owó orí gbogbo Jámánì máa jẹ́ bílíọ̀nù yúrò 950.3 lọ́dún náà, pé yóò sì di bílíọ̀nù 995.2 ní 2025. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní oṣù kẹwàá, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí 941.6 àti 982.4. Gbogbo ìwé ìròyìn kígbe pé owó ti dín kù. Òótọ́ ni, iye tí wọ́n retí dín kù. Àmọ́ ẹ fi 941.6 wé 982.4 kí ẹ rí i: owó ṣì ń gòkè láti ọdún kan sí èkejì. Ọ̀nà tó ń gbà gòkè ló rọra ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Nǹkan míìràn tún wà tí ìròyìn kì í sábà sọ. Òfin tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé nìkan ni wọ́n ń lò. Bí mínísítà bá ti ṣèlérí lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun máa dín owó orí kù, wọn ò ní kà á mọ́ ọn títí ilé aṣòfin á fi fọwọ́ sí i. Nítorí náà, nígbà míì tí iye bá já wálẹ̀, kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣírò ṣìnà. Òfin tuntun ló jáde láàárín ìpàdé méjì.

Báwo gan-an ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀? Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ dùn. Ká ní owó iṣẹ́ yín jẹ́ yúrò 30,000 lọ́dún. Ní 2025, yúrò 12,096 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. Ká fi àwọn ìyọkúrò yòókù sílẹ̀ ná. Ohun tó kù fún owó orí ni 17,904. Wọ́n wá fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún owó yín, ó di 31,500. Ohun tó kù fún owó orí wá di 19,404. Ẹ ṣírò rẹ̀: owó iṣẹ́ fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, ṣùgbọ́n apá tí owó orí ń jẹ ti fi ohun tó lé ní mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Yàtọ̀ síyẹn, bí owó ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdá tí wọ́n ń yọ náà ń ga. Torí náà, tí owó iṣẹ́ gbogbo ìlú bá gòkè díẹ̀, Lohnsteuer á gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye ìlọ́po yẹn ni àwọn onímọ̀ ń wá lójú méjèèjì. Bí wọ́n bá ṣì í díẹ̀, bílíọ̀nù ni yóò fi yàtọ̀.

Ọdún 2020 ni ìdánwò tó le jù. Ní apá ìparí ọdún 2019, wọ́n ti sọ pé 2020 máa mú bílíọ̀nù yúrò 816.4 wọlé. Kòrónà dé. Ní oṣù karùn-ún 2020, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣèpàdé, wọ́n sì gé bílíọ̀nù 98.6 kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ó ku 717.8. Wọ́n tún ṣe ìpàdé àkànṣe kan ní oṣù kẹsàn-án, èyí tí wọn kì í sábà ṣe. Èló ló wá wọlé nígbẹ̀yìn? Bílíọ̀nù 739.7. Ẹ̀rù bà wọ́n ju bó ti yẹ lọ ní nǹkan bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ọdún tí ilé oúnjẹ àti pápá ọkọ̀ òfuurufú tì pa, èmi ò rí ẹni tó lè bá wọn wí.

Ohun tí alábòójútó gidi ń wò nìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo kò sọ ohunkóhun. Ibi tí àṣìṣe ọ̀pọ̀ ọdún ń tẹ̀ sí ló yẹ kéèyàn wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, léraléra ni iye tí wọ́n retí ní Jámánì ga ju èyí tó wọlé lọ. Ní àwọn ọdún 2010, ó yí padà, owó ń wọlé ju bí wọ́n ṣe rò. Bí ó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ sí láti ìjọba kan dé òmíràn, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan wà nínú ìwọ̀n. Tó bá ń ṣe síwá tó ń ṣe sẹ́yìn pẹ̀lú ọrọ̀ ajé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìṣòro iṣẹ́ náà gan-an.

Hamburg ní ọgbọ́n tirẹ̀

Hamburg jẹ́ ìlú, ó tún jẹ́ ìpínlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Berlin. Owó orí lórí owó iṣẹ́ ni wọ́n ń pín báyìí: 42.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba àpapọ̀, 42.5 fún ìpínlẹ̀, 15 fún ìjọba ìbílẹ̀. Hamburg ń gba ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Hamburg tó ń sùn ní Schleswig-Holstein, ibi tó ń sùn ni owó orí rẹ̀ ń bá a lọ. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ ńlá bá ti kéde iye ti gbogbo Jámánì, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìnáwó Hamburg ní Gänsemarkt á tún jókòó tì í láti yọ ti ìlú wọn jáde. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹ máa gbọ́ iye tiwọn.

Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ Hamburg ni pé òfin ìṣúná wọn kò fi gbogbo ara gbára lé àsọtẹ́lẹ̀. Wọ́n ń wo bí owó orí ṣe ń gòkè láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, wọ́n á fa ìlà kan gba àárín àwọn ọdún rere àti ọdún burúkú, ìlà yẹn ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n ohun tí wọ́n lè ná. Tí ọdún kan bá mú owó púpọ̀ wá, wọn kì í tìtorí rẹ̀ gba òṣìṣẹ́ tí wọn ò ní lè san owó oṣù fún tó bá yá. Ìyá olójà tó ń dá àjọ mọ ọgbọ́n yìí: ọjọ́ ọdún kọ́ ló ń fi ṣírò ọjà oṣù.

Ó nídìí tí Hamburg fi ń ṣọ́ra. Ìlú èbúté ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wọn dé Billstraße láti fi ọkọ̀ tòkunbọ̀ tàbí fíríìjì ránṣẹ́ sí ilé mọ̀ bí owó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀. Ní 2021 àti 2022, owó gọbọi ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Hapag-Lloyd jẹ ní èrè, torí pé owó kọ̀ǹtéénà ti lọ sókè réré. Ẹ máa rò pé owó orí á ya wọ ìlú. Rárá o. Láti 1999 ni òfin Jámánì ti gbà kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi máa san owó orí níbàámu pẹ̀lú títóbi ọkọ̀ wọn, láìka iye èrè sí. Ohun tó gba Hamburg sílẹ̀ ni pé ìlú náà ní ìpín bíi 14 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ilé iṣẹ́ ọ̀hún. Ní 2023, wọ́n san yúrò 63 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, ó sì tó bíi bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ yúrò tí ìlú gbà. Èrè onípìn-ín nìyẹn, kì í ṣe owó orí. Àwọn tó ń ṣírò owó orí ò lè rí i nínú ìṣirò wọn láé.

Níwọ̀n bí a ti dé Hamburg, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan láti Hamburg, O'Swald, ń kó owó ẹyọ láti ìhà Zanzibar wá sí Èkó àti etíkun wa, wọ́n fi ń ra epo pupa. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, ẹgbàá ni orí kan, ọ̀kẹ́ kan ni àpò kan. Bí ẹyọ ṣe ń ya wọlé ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Oníbodè tó ń gba okùn kan náà lọ́wọ́ aláàárù ń rí i pé ohun tí okùn yẹn ń rà ń kéré sí i. Ní 2022, owó orí Jámánì gòkè láti bílíọ̀nù 833.2 sí 895.7, ìyẹn bíi méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ iye owó ọjà náà gòkè ní 6.9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún yẹn. Ọ̀rọ̀ oníbodè ló tún ṣẹlẹ̀ ní Wilhelmstraße.

Nígbà tí iye kò tó

Ìpàdé oṣù kẹwàá 2024 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ kẹrìnlélógún ni wọ́n kéde rẹ̀. Ìjọba ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́ta tó wà ní Berlin nígbà yẹn ti ń jà lórí ètò ìṣúná 2025 tipẹ́. Òfin tó dé gbèsè mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní 2009, kò jẹ́ kí wọ́n kàn lọ yáwó. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá, Olaf Scholz lé mínísítà ètò ìnáwó rẹ̀, Christian Lindner, kúrò, ìjọba sì fọ́. Mi ò sọ pé ìṣirò ló fọ́ ọ o. Ìjà wọn pọ̀ ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè sọ pé kí àwọn tó ń ṣírò lọ wá bílíọ̀nù díẹ̀ sí i kí àlàáfíà lè wà. Ó hàn pé ẹgbẹ́ 1955 yẹn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ìlú Berlin fúnra rẹ̀ gé nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta yúrò nínú ìṣúná 2025. Bíi mílíọ̀nù 130 lọ lára owó àṣà àti eré ìtàgé. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ oní yúrò 29 tí wọ́n mú bọ̀ ní oṣù keje 2024 kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbé e kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ rà á mọ̀ ọ́n lára.

Ìlú míràn ní ọ̀nà míràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2010 ni wọ́n ti gba iṣẹ́ yìí kúrò lọ́wọ́ mínísítà tí wọ́n gbé e fún àjọ olómìnira tó ń jẹ́ OBR. Ní Nàìjíríà, iye owó epo rọ̀bì ni ìṣirò ń dúró lé jù. Ìṣúná 2020 kọ́kọ́ dúró lórí dọ́là 57 fún àgbá kan. Nígbà tí kòrónà dé, wọ́n tún un ṣe sí dọ́là 28. Kò sí àbùkù nínú kéèyàn tún ìṣirò ṣe nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn ará Jámánì náà ṣe é. Èyí tó jẹ mí lógún ni ìṣúná 2025, tó gbé ìrètí ka àgbá mílíọ̀nù 2.06 lójúmọ́, lórílẹ̀-èdè tó ti pẹ́ tí kò rí irú rẹ̀ fà jáde dáadáa. Ta ló jókòó nínú yàrá yẹn tó lè sọ fún ọ̀gá pé "Ẹ má bínú sà, kò lè tó bẹ́ẹ̀"?

Àwọn èèyàn tó lè sọ ọ́ kò ṣọ̀wọ́n. NISER tó ń ṣèwádìí ọrọ̀ ajé wà ní Ọjọ́ọ̀, n'Ìbàdàn. Báńkì àpapọ̀ ní àwọn onímọ̀ tirẹ̀, àjọ tó ń ka iye ohun gbogbo wà l'Ábújá, ìpínlẹ̀ 36 sì ni owó náà kàn. Kí wọ́n kó gbogbo wọn jọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n dìbò, kí wọ́n gbé iye jáde lọ́jọ́ kẹta. Owó yàrá àti oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni.